Ètò Fàájì Alẹ́ Sátidé ní Ìlú Èkó

Láyé àtijọ́, bí òṣùpá bá ti là ní abúlé, kò sí ẹni tí í jókòó gbèrò kí ó tó jáde lọ ṣeré. Àwọn ọmọdé a sáré bọ́ sí gbangba, wọn a máa ṣe bojúbojú, wọn a máa pa àlọ́. Àwọn ọ̀dọ́ a pé jọ sídìí ìlù. Àwọn àgbà a sì jókòó lábẹ́ igi odán, wọn a máa tàkúrọ̀sọ. Bí ọmọ kan bá ṣubú, ìyá ẹlòmíràn ni yóò gbé e dìde. Bí àjèjì kan bá ń bọ̀, ojú mẹ́wàá ni yóò ti rí i kí ó tó dé àárín agbo. Ojúlùmọ̀ ni odi tí ó yí eré òṣùpá ká, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ pé odi kan wà níbẹ̀, nítorí pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí gbogbo wọn sí.

Ìlú Èkó kò ní irú odi bẹ́ẹ̀. Iná mànàmáná rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju òṣùpá lọ, orin kì í dákẹ́ níbẹ̀, oúnjẹ kò sì wọ́n ní òru. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó ti ènìyàn nínú dánfó lè jẹ́ ẹni tí a kò ní fojú kàn mọ́ láéláé. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ojúlùmọ̀ ń ṣe ní abúlé, ètò ni ó gbọ́dọ̀ ṣe é ní ìlú ńlá. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò fẹ́ gbọ́ èyí. Wọ́n ní ètò a máa ba adùn fàájì jẹ́. Wọ́n ní kí ènìyàn ṣáà jáde, ibi tí ẹsẹ̀ bá gbé e dé ni kí ó ti jayé orí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dúró rí ní Ojúẹlẹ́gbà ní agogo 1 òru, tí owó ọkọ̀ ti tán lápò rẹ̀, tí iná sì ti tán nínú fóònù rẹ̀, kò jẹ́ tún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ.

Kì í ṣe òní ni àwọn ará Èkó ti ń jáde ní alẹ́ Sátidé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, Hubert Ògúndé, ẹni tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní gbọ̀ngàn Glover Memorial Hall ní Erékùṣù Èkó, eré náà sì la ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ òṣèré Yorùbá tí ó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, orin híláìfù gba ìlú kan. Bobby Benson ní hòtẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, Caban Bamboo, ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú. Victor Ọláìyá náà ní Stadium Hotel ní Sùúrùlérè. Akọ̀wé ìjọba a wọ kóòtù, ìyàwó rẹ̀ a wé gèlè tàbí kí ó wọ gáùn, wọn a sì jó títí di òru jíjìn.

Ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 ni ó tú agbo náà ká. Púpọ̀ nínú àwọn afunfèrè híláìfù jẹ́ ará Ìlà-Oòrùn, wọ́n sì ti padà sílé. Nígbà tí ogun parí ní 1970, àwọn adigunjalè pọ̀ sí i ní ìgboro. Ní 1971, ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn ọ̀daràn náà ní etíkun Bar Beach, ní ojú ọ̀pọ̀ èrò tí ó wá wòran. Síbẹ̀ olè jíjà kò dáwọ́ dúró. Àwọn ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í tètè ti ilẹ̀kùn, ilé ijó sì ń dá páropáro lọ́kọ̀ọ̀kan. Orin kò tíì burú nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni ọtí kò wọ́n. Ẹ̀rù ọ̀nà àbọ̀ wà lára ohun tí ó pa fàájì ìgbà yẹn, ó sì yẹ kí ẹni tí ń gbèrò àtijáde lónìí fi èyí sọ́kàn: ọ̀nà àbọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ rò, kí ó tó ro ọ̀nà àlọ.

Fàájì Èkó kò kú pátápátá. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ń kọrin ní Afrika Shrine ní Empire Hotel, ní Ìdí-Òro, títí àwọn sójà fi jó ilé rẹ̀ tí ó ń pè ní Kalakuta ní oṣù kejì 1977. Fẹlá kú ní 1997. Ní 2000 ni àwọn ọmọ rẹ̀ ṣí New Afrika Shrine ní Agídíngbì ní Ìkẹjà, tí àwọn ènìyàn láti ilẹ̀ òkèèrè pàápàá ń wá wò. Lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ eré, yóò rí eré. Ẹni tí ó bá fẹ́ sinimá, ijó, oúnjẹ tàbí ibi tí ènìyàn lè jókòó jẹ́jẹ́ gba atẹ́gùn, gbogbo rẹ̀ ni ó wà. Bí yóò ṣe to wọn pọ̀ ni ó kù.

Omi ni ohun àkọ́kọ́ tí ètò rere gbọ́dọ̀ bá wò. Ọ̀sà pín Èkó sí méjì: Erékùṣù àti Ìkòyí àti Victoria Island ní apá kan, Yábàá àti Sùúrùlérè àti Ìkẹjà àti gbogbo ìyókù ní apá kejì. Afárá mẹ́ta ni ó so apá méjèèjì pọ̀: Carter, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní 1901 tí wọ́n sì ti tún kọ́ lẹ́yìn náà, Afárá Èkó, àti Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní 1990. Èyí tí a dárúkọ kẹ́yìn yìí gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 12, bí ọkọ̀ bá sì bàjẹ́ ní àárín rẹ̀, omi ni ó wà lápá ọ̀tún, omi ni ó wà lápá òsì. Ìjọba ti tì í ní apá kan lọ́pọ̀ ìgbà fún àtúnṣe, bí ó ti ṣe ní 2018 àti 2020. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fẹ́ jẹun ní Ìkẹjà, kí wọ́n wo sinimá ní Victoria Island, kí wọ́n tún padà wá jó ní Agídíngbì, gbogbo rẹ̀ ní alẹ́ kan ṣoṣo. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni irú wọn ti ń ṣe fàájì. Ẹni tí ó gbọ́n a yan etí omi kan, a sì dúró síbẹ̀ títí ilé yóò fi yá.

Ó yẹ kí a fi àpẹẹrẹ kan hàn. Bí ọ̀rẹ́ mẹ́rin bá wà, tí ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Èbúté-Mẹ́ta, tí ọ̀kan jẹ́ aránṣọ ní Sùúrùlérè, tí ẹ̀kẹta jẹ́ akọ̀wé báńkì ní Yábàá, tí ẹ̀kẹrin sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, gbogbo wọn ti lé ní ọmọ ọdún 18, wọ́n sì fẹ́ lo alẹ́ Sátidé ní Erékùṣù. Ìfẹ́ wọn kò dọ́gba. Nọ́ọ̀sì kò mutí, eré orí ìtàgé ni ó fẹ́. Aránṣọ fẹ́ jó. Akọ̀wé báńkì fẹ́ jẹun dáadáa. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú, kí wọ́n sì yanjú rẹ̀ ní ọ̀sán, nígbà tí ojú ṣì dá. Kí olúkúlùkù sọ iye tí agbára rẹ̀ ká, kí iye ẹni tí tirẹ̀ kéré jùlọ sì jẹ́ òdiwọ̀n fún gbogbo wọn. Ẹni tí ọ̀rẹ́ bá fipá mú náwó ju agbára rẹ̀ lọ, òun ni yóò sọ pé òun yóò fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ní agogo 12 òru. Owó àbọ̀ ni kí wọ́n yọ sọ́tọ̀ ṣáájú ohun gbogbo, kí ó tó ìlọ́po méjì owó tí wọ́n rò, nítorí pé owó takisí tí a ń fi fóònù pè a máa gòkè bí òjò bá rọ̀ tàbí bí èrò bá pọ̀. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje, àti ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, òjò Èkó kì í dágbére fún ènìyàn, àgbàrá rẹ̀ a sì máa bo ọ̀nà Victoria Island àti Lẹ́kí mọ́lẹ̀. Nítorí pé púpọ̀ ènìyàn ń fi fóònù sanwó nísinsìnyí, ó dára kí wọ́n má ṣe kó gbogbo owó oṣù wọn sínú àkáǹtì tí fóònù náà lè dé. Bí olè bá gba fóònù, ohun tí ó wà nínú àkáǹtì náà nìkan ni yóò lè fọwọ́ kàn.

Wọn yóò rékọjá sí Erékùṣù kí ilẹ̀ tó ṣú. Aránṣọ tí ń bọ̀ láti Sùúrùlérè lè wọ ọkọ̀ ojú irin aláfiná náà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án 2023 láti Mile 2 dé Marina; ó ní ibùdókọ̀ kan nítòsí Ilé Ìṣeré ńlá ti Ìgánmú, tí ìjọba kọ́ ní 1976 fún àjọ̀dún FESTAC, tí wọ́n sì fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ní 2024. Ní nǹkan bí agogo 5 ìrọ̀lẹ́, kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé ní Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ ní ìgbà ìjọba àwọn Òyìnbó. Ní 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé ọmọ 50 ọdún, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Níbi tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń ka ọjọ́, orin ni ó ń dún níbẹ̀ báyìí, àwọn ènìyàn a sì máa jẹun níbi tí ebi ti pa àwọn mìíràn rí. Bí wọ́n bá tètè dé, Oníkàn kò jìnnà, níbi tí Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè yìí wà láti 1957.

Lẹ́yìn èyí ni oúnjẹ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sún oúnjẹ síwájú títí di òru. Ikùn tí ó ṣófo ni ọtí tètè ń gùn, ẹni tí ebi ń pa kì í sì í lè ronú bí ó ti yẹ. Ìjókòó oúnjẹ tún ni àkókò tí ọ̀rẹ́ máa ń gbọ́ ohùn ara wọn, nítorí pé bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀ tán, ariwo ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ súyà kò lè gbàgbé Ọbáléńdé, níbi tí èéfín àwọn onísúyà ti ń pe ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn. Kí ó jẹ ẹran tí wọ́n sun ní ojú rẹ̀, tí ó ṣì gbóná, kí ó má ṣe jẹ èyí tí ó ti tutù lórí páálí.

Nígbà tí ó bá di agogo 7, kí nọ́ọ̀sì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Terra Kulture ní Victoria Island a máa gbé eré Nàìjíríà jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe eré nípa Mọremí ní 2018, tí àwọn ọmọ ìlú fi rí ìtàn tí wọ́n ti ń gbọ́ láti kékeré ní ojú ara wọn. Bí kò bá sí eré lọ́jọ́ náà, sinimá wà. Fíìmù wa kò kéré mọ́ lójú ẹnikẹ́ni: «A Tribe Called Judah» ti Fúnkẹ́ Akíndélé, tí ó jáde ní oṣù kejìlá 2023, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá ilẹ̀ wa. Kí wọ́n ti bèèrè nípa àkókò àti owó ìwọlé láti ọjọ́ méjì ṣáájú. Lẹ́yìn eré, kí aránṣọ gba ẹ̀tọ́ tirẹ̀, kí wọ́n lọ jó fún wákàtí kan tàbí méjì.

Ẹni tí kò rò ó jinlẹ̀ yóò sọ pé nítorí kí ara má baà sú wọn ni wọ́n ṣe pín alẹ́ náà sí ọ̀nà púpọ̀. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n jókòó sí ibì kan láti agogo 8 títí di agogo 3 òru kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ọtí lọ. Bí owó ti ń tán ni ọpọlọ ń rọ̀, kò sì sí ohun tí yóò jí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn yóò dìde nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ní ìgbà kọ̀ọ̀kan wọn yóò ka ara wọn, wọn yóò wo àpò wọn, wọn yóò wo iná fóònù wọn, wọn yóò sì mọ̀ bí ó bá rẹ ẹnì kan nínú wọn. Oríṣiríṣi fàájì náà ni ó ń ṣọ́ wọn. Ohun tí ìyá ń ṣe ní abúlé nígbà tí ó bá yọjú wo agbo eré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òun náà ni dídìde yìí ń ṣe.

Bí ó bá ṣe apá kejì ọ̀sà ni wọ́n fẹ́ràn jù, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹjà, ní ilé tí Fẹlá gbé títí ó fi kú, tí wọ́n sọ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Kalakuta ní 2012. Kí wọ́n jẹun nítòsí, kí wọ́n sì parí rẹ̀ ní Shrine. Ti etíkun Tarkwa Bay yàtọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni gbogbo ènìyàn fi ń débẹ̀, àwọn aláṣẹ ojú omi sì ti ka ìrìn òru léèwọ̀ fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà fàájì ọ̀sán ni, àní fún ẹni tí ó mọ odò wẹ̀.

Àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 kò ní nǹkan ṣe ní ilé ọtí, òfin pàápàá kò gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n Freedom Park, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti eré ọ̀sán kò sé mọ́ wọn, bí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n bá mú wọn lọ tí wọ́n sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí òbí sì jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ṣe ètò ọ̀hún: kí ó ṣírò owó ọkọ̀, kí ó wo àkókò, kí ó sọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà padà. Ọmọ tí ó bá ti ṣe é nígbà mẹ́wàá ní ọ̀sán kò ní ṣe é bí òpè ní òru.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọtí. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń fọ ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń ṣe é, ní ìwọ̀n tirẹ̀. Kọfí kò lè mú un yára, bẹ́ẹ̀ ni omi tútù tí a dà sí orí kò lè ṣe é. Ẹni tí ó mu kọfí lẹ́yìn ọtí wulẹ̀ di ọ̀mùtí tí kò rí oorun sùn ni. Nítorí náà, bí ọ̀kan nínú wọn bá wa ọkọ̀ wá, kí ó má ṣe fi ọtí kan ẹnu rárá. Kí olúkúlùkù máa mu ohun tí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ ní ojú rẹ̀, kí ó má sì padà mu ife tí ó fi sílẹ̀ lọ jó. Ọtí tí a kò mọ ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n léwu jù. Ní oṣù kẹrin 2015, ní agbègbè Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ènìyàn tí ó lé ní mẹ́wàá kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ojú àwọn kan ń fọ́ kí wọ́n tó kú. Àwọn ará ìlú kan sọ pé òrìṣà ni ó ń bínú. Nígbà tí àwọn oníṣègùn yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ògógóró tí mẹtanọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ ni wọ́n rí. Mẹtanọ́ọ̀lù jọ ọtí lójú, ó jọ ọtí lẹ́nu, ṣùgbọ́n májèlé ni.

Ibi tí ètò máa ń dàrú ni òpin alẹ́, nígbà tí ara ti ń gbóná tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ lọ sílé. Kí á ní agogo 11 ti lù, èyí tí wọ́n fi àdéhùn sí láti ọ̀sán, tí aránṣọ sì ti bá ọkùnrin kan pàdé ní ibi ijó, ẹni tí ó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀, tí ó wọṣọ dáadáa, tí ó ní àríyá kan ń lọ lọ́wọ́ ní ilé ọ̀rẹ́ òun ní Ajah.

«Ẹ máa lọ, Ẹ̀gbọ́n,» ni yóò wí fún nọ́ọ̀sì, tí ó jẹ́ àgbà wọn. «Èmi yóò bá a dé ibẹ̀ díẹ̀. Mo kì í ṣe ọmọdé.»

«Ta ló pè ọ́ lọ́mọdé, àbúrò mi? Gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn gidi ní alẹ́ yìí, yóò ṣì jẹ́ ènìyàn gidi lọ́la lọ́sàn-án.»

«Yóò rò pé mo ń bẹ̀rù òun ni.»

«Kí ó rò bẹ́ẹ̀. A jọ wá ni, a ó jọ lọ. O fọwọ́ sí i ní agogo 3 ọ̀sán yìí, kò sí ẹni tí ó fi ipá mú ọ.»

Ó lè bínú. Ó lè máà bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi kọjá afárá, àwọn tí ó kù a sì máa rò pé àwọn ti ba alẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn jẹ́. Kò sí bí ètò ṣe lè yọ ìrora yìí kúrò. Ọkùnrin náà lè jẹ́ ọmọlúàbí ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ilé náà, kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀rẹ́ náà, Ajah sì jìnnà sí ilé gbogbo wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe ènìyàn ní ibi, ọwọ́ aṣebi ni ẹ̀bi wà, kò sí ní ọwọ́ ẹni tí ó jáde lọ jó. Àwọn tí ń bi ọmọbìnrin léèrè pé kí ni ó ń wá ní òde ní òru ń da ẹ̀bi sí ibi tí kò sí. Síbẹ̀ ọ̀rẹ́ tí ó rí ọ̀nà tí kò mọ̀ tí ó sì dákẹ́, kò ṣe ọ̀rẹ́.

Ní ilé pàápàá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ̀. Bàbá kan lè bi ọmọ rẹ̀ tí ó ti dàgbà pé, «Bí agogo kan bá lù tí n kò rí ọ, kí ni o fẹ́ kí n ṣe?» Ìbéèrè yìí dára ju ìbínú lọ, ọmọ tí ó bá sì ní ètò yóò rí ìdáhùn rẹ̀: «Bàbá, ẹ kọ́kọ́ pè mí. Bí ẹ kò bá bá mi, nọ́ńbà Ẹ̀gbọ́n wa nìyí, ti akọ̀wé báńkì nìyí. Mo ti kọ orúkọ ibi tí a ń lọ sí orí tábìlì yín. Bí ẹ kò bá bá ẹnikẹ́ni nínú wa, ẹ pe 767 tàbí 112.» Nọ́ńbà méjèèjì yìí ni ìjọba Èkó fi sílẹ̀ fún pàjáwìrì, a kì í sì í sanwó pè wọ́n. 122 ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ó dára kí wọ́n wà lórí ahọ́n, nítorí pé fóònù tí iná rẹ̀ tán kò lè rántí nǹkan kan fún olówó rẹ̀.

Ní ti ọkọ̀ àbọ̀, kí wọ́n pè é nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú ilé, kí wọ́n má ṣe dúró sí etí títì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ náà bá dé, kí wọ́n fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé èyí tí ó wà nínú fóònù, kí wọ́n wo ojú awakọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ ẹni tí ó wá gbé. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀ ti fún ẹlẹ́tàn ní ìdáhùn. Kí wọ́n fi ìrìn náà ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà nílé. Bí ó bá di dandan kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, inú gáréèjì ni kí wọ́n ti wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ tí àwọn ará Èkó ń pè ní «wan-ṣáàǹsì» gba orúkọ rẹ̀ láti inú igbe agbèrò pé àyè ẹnì kan péré ni ó kù. Ẹni tí ó bá kó sí i yóò rí i pé gbogbo èrò inú ọkọ̀ náà, ọmọ ẹgbẹ́ olè kan náà ni wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má sì ro ti ọ̀kadà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà 2022 ni ìjọba ti fòfin de é ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Erékùṣù Èkó, Ẹ̀tì-Ọ̀sà àti Ìkẹjà sì wà lára wọn.

Ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ rò. Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá gbé gbogbo wọn, awakọ̀ lè fẹ́ já a sílẹ̀ kẹ́yìn, kí ó wá ku òun nìkan pẹ̀lú àjèjì nínú ọkọ̀ ní òru. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ rọrùn: kí ó bá nọ́ọ̀sì sùn ní Èbúté-Mẹ́ta, kí ó ti gbé aṣọ ìsùn àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ síbẹ̀ láti ọ̀sán. Bí òjò bá sì rọ̀ tí afárá kò ṣeé gbà, tàbí tí takisí kò sí, kí gbogbo wọn dúró sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́ wà, tàbí kí wọ́n lọ sí ilé ìbátan tí wọ́n ti sọ fún ṣáájú ní Erékùṣù, kí wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní pálọ̀. Ní ìdájí, nígbà tí àwọn oníṣòwò bá ti ń gbé ẹrù lọ sí ọjà tí àwọn ọkọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, wọn yóò gba orí omi padà sílé, olúkúlùkù yóò sì pe ìyókù bí ó bá ti wọlé.